Olùkọ́, atọ́nisọ́nà, àwòkọ́ṣe: ta ni ta lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ wa bàálù?

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí pápákọ̀ òfurufú sí ojú ọ̀nà Ado sí Ijan, ọ̀rọ̀ bàálù kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ láti Èkó àti Àbújá nìkan mọ́ fún àwa ará Ekiti. Bí ọmọ bá sì sọ nílé pé awakọ̀ òfurufú lòun fẹ́ dà, ohun tí òbí kọ́kọ́ máa ń bi ara wọn ni pé, "Ta la mọ̀ níbẹ̀?" Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ó di ẹni mẹ́rin pọ̀ bí ìdì igi: ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà, ẹni tí yóò dán an wò, ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, àti ẹni tí ọmọ náà yóò máa wò bí àwòkọ́ṣe. Iṣẹ́ wọn kò jọra. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọ̀kan lé èkejì lọ́wọ́ lè pàdánù owó, ó sì lè pàdánù ohun tó ju owó lọ.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdì náà.

Olùkọ́ ni awakọ̀ tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ní àfikún tó fún un lágbára láti kọ́ni. Òun ló ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí ìfò sí, èyí tí gbogbo awakọ̀ ń pè ní logbook, òun náà ló sì ń pinnu ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dá fò fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, olùkọ́ á bọ́ sílẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan á gbéra, á yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, á sì balẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìbuwọ́lù olùkọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Olùdánwò ni ẹni tí NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, fún láṣẹ láti dán awakọ̀ wò. Kì í kọ́ni lọ́jọ́ ìdánwò. Ó kàn ń wò ó bóyá ọwọ́ ń ṣe ohun tí ìwé béèrè. Kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa wá ojúrere rẹ̀.

Atọ́nisọ́nà ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Kò sí ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà fún un. Awakọ̀ tó ti rìn síwájú ni, tó gbà láti máa dáhùn ìbéèrè, tó sì ń fetí sí bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe ń ronú. Kò lè fọwọ́ sí wákàtí kankan, kò sì lè pa ọ̀rọ̀ olùkọ́ dà. Àwòkọ́ṣe ní tirẹ̀ lè máà mọ̀ yín rárá. Ó lè ti kú kí wọ́n tó bí ẹni tó ń wò ó.

Kí ló dé tí awakọ̀ fi nílò atọ́nisọ́nà tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí olùkọ́ ti wà? Ẹ wo ìwọ̀n tí òfin ìrìnnà òfurufú àgbáyé là sílẹ̀. Ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni: ọdún 17 ó kéré tán, àti wákàtí 40. Ìwé àṣẹ tí èèyàn lè fi jẹun: ọdún 18, wákàtí 200, tàbí 150 bó bá jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ló ti gba gbogbo ẹ̀kọ́ náà pọ̀. Ìwé àṣẹ tó ga jù, tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù ńlá gbọ́dọ̀ ní: ọdún 21, wákàtí 1,500. Títí dé 200, olùkọ́ wà níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀. Àárín 200 sí 1,500 ni ọ̀nà ti ṣókùnkùn. Olùkọ́ ti ń kọ́ ẹlòmíì, iṣẹ́ kò tíì dé, ọ̀dọ́mọdé awakọ̀ sì ní láti pinnu fúnra rẹ̀ bóyá yóò lọ kọ́ni, bóyá yóò wá iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré, bóyá yóò náwó sí ẹ̀kọ́ irú bàálù kan pàtó. Níbẹ̀ ni atọ́nisọ́nà ti ń wúlò jù lọ, níbẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ sì ti ń dá rìn.

Ọ̀rọ̀ àwòkọ́ṣe wá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú òkìkí, wọ́n á fi ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Bessie Coleman ṣe àpẹẹrẹ, torí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu awakọ̀ aláwọ̀ dúdú káàkiri ayé. Wọ́n bí i ní Texas ní 1892. Iṣẹ́ ìtọ́jú èékánná ló ń ṣe ní Chicago nígbà tó pinnu láti kọ́ bàálù wíwà. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà á ní Amẹ́ríkà, torí pé obìnrin ni, torí pé aláwọ̀ dúdú ni. Robert Abbott, tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender, gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sí Faransé. Ó kọ́ èdè Faransé kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó tọ́jú owó, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1921. Ẹ kíyè sí Abbott níbẹ̀. Kì í ṣe awakọ̀, kò kọ́ ọ ní ohunkóhun nípa ìyẹ́ bàálù. Ohun tó ṣe ni pé ó rí i pé ẹ̀bùn kọ́ ló kù fún ọmọbìnrin náà, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ ọn, ó sì tọ́ka sí ilẹ̀kùn mìíràn. Iṣẹ́ atọ́nisọ́nà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ wà nínú ikú rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì yẹ ká fò ó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1926, ní Jacksonville, ó wọ ọkọ̀ Curtiss JN-4 kan tó ti gbó, tó ti yọnu lójú ọ̀nà kó tó gúnlẹ̀ sí ìlú náà. Mẹkáníìkì rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀. Coleman kò de bẹ́líìtì, torí ó fẹ́ yọjú wo ilẹ̀ tí ìfò páráṣúùtù yóò ti wáyé lọ́jọ́ kejì. Sípánà kan tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀ há sí ẹ̀rọ ìdarí, ọkọ̀ dorí kodò, ó sì ta á síta. Mẹkáníìkì náà kú. Nítorí náà, ẹni tó bá mú un ní àwòkọ́ṣe yóò pín ìwé sí ọ̀nà méjì. Lápá kan: ó kọ́ èdè kó tó kọ́ ọkọ̀, kò dúró de ẹni tó kọ̀ ọ́. Lápá kejì: ọkọ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ kò dáni lójú, bẹ́líìtì tí wọn kò dè, irin iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà kí wọ́n tó gbéra. Títí dòní, mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ka irinṣẹ́ rẹ̀ kó tó ṣí ọkọ̀, á tún kà á lẹ́yìn tó bá pa á dé.

Nítòsí wa, àwọn orúkọ wà tó yẹ kí ọmọ Ekiti mọ̀. Emanuel Peter John Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, wà lára àwọn ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di awakọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Chinyere Kalu ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó di awakọ̀ bàálù akérò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Zaria ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì padà wá ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà láti 2011 sí 2014. Tolulope Arotile, ọmọ Iffe ní Ijumu, ilẹ̀ Okun tó múlé ti wa, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà ní 2019. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà tó kú ní Kaduna ní oṣù keje ọdún 2020. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló gbá a, kì í ṣe òfurufú ló pa á. Ìdùnnú ni láti máa dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé girama wa.

Ibi tó wá yẹ ká dúró lé dáadáa nìyí, torí ó kan bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, bàálù Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí pápá ní Tenerife, erékùṣù Spéènì kan. Èèyàn 583 ló kú. Kò tíì sí jàǹbá bàálù tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ láàárín bàálù sí bàálù. Ẹni tó ń wa ti KLM, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Netherlands, ni Jacob Veldhuyzen van Zanten, kì í sì í ṣe ògbèrì. Òun ni olórí àwọn olùkọ́ 747 ní ilé-iṣẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó ọjà. Òun ló dán igbákejì rẹ̀ tó jókòó tì í wò kó tó lè wa irú ọkọ̀ náà. Kùrukùru bo pápá, bàálù kejì, ti ilé-iṣẹ́ Pan Am ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣì wà lórí ilẹ̀ níwájú wọn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó fún KLM láṣẹ láti gbéra. Ẹ́ńjíníà inú ọkọ̀ béèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá dáhùn tìdánilójú-tìdánilójú pé ó ti kúrò. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀. Ọ̀kan lára ohun tí àwọn olùṣèwádìí gbé yẹ̀ wò ni pé ọkùnrin náà ti pẹ́ jù lórí símúlétọ̀, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń ṣe bí bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀. Ní símúlétọ̀, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bí ẹni tó wà ní ilé-ìṣọ́ rédíò. Òun ló ń fún ara rẹ̀ láṣẹ láti gbéra.

Ẹ rò ó dáadáa. Àwọn tó kù nínú yàrá awakọ̀ kò dákẹ́ torí pé wọn kò mọ iṣẹ́. Ó jọ pé ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ọ̀gá olùkọ́ náà ló mú kí ohùn wọn rọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa, tí kì í wo àgbà lójú, tí kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá, yóò gbé ẹ̀kọ́ ilé yẹn wọ yàrá awakọ̀, àyàfi bí ẹnì kan bá kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn. Kíkọ́ ọ ní ọ̀nà náà wà lára iṣẹ́ tó ga jù fún atọ́nisọ́nà ọmọ Yorùbá. Kò ní sọ ọ́ di aláfojúdi. Àwọn tó là wá lọ́yẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń kọ́ àwọn igbákejì awakọ̀. Àkọ́kọ́, béèrè: "Captain, ṣé ẹ rí bí ìyára wa ṣe ń lọ sílẹ̀?" Bí kò bá sí ìyípadà, sọ ewu náà pẹ̀lú iye, ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń wọn ìyára bàálù: "Nọ́ọ̀tì 10 la fi dín sí èyí tó yẹ." Ẹ̀kẹta, tako ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí o sì sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: "Captain, kò dára báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sókè." Bí gbogbo ìyẹn kò bá ràn án, igbákejì á gba ọkọ̀, á sì kéde pé òun ti gbà á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi sọ ọ́ nínú ọkọ̀, àmọ́ ó ṣàǹfààní kí ọmọ kọ́kọ́ fi Yorùbá ṣe é pẹ̀lú atọ́nisọ́nà rẹ̀, torí inú Yorùbá ni ìtìjú àgbà ti ń bá a jà. Ẹ fi àga ìjókòó ṣe ọkọ̀, kí atọ́nisọ́nà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe, kí ọmọ sì gun ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfo ọ̀kankan.

Ọ̀gá tó yẹ ní àwòkọ́ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Al Haynes. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ìdí bàálù DC-10 rẹ̀ fọ́ lójú òfurufú, àfọ́kù rẹ̀ sì gé gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí epo háídírọ́líìkì ń gbà. Láìsí epo yẹn, kò sí ọ̀nà láti fi yí ìyẹ́ ọkọ̀. Olùkọ́ awakọ̀ kan, Dennis Fitch, wà láàárín àwọn èrò, ó ní òun lè ṣèrànwọ́. Haynes kò ní òun lọ̀gá. Ó fún un ní ọ̀pá ìdarí agbára ẹ́ńjìnnì méjì tó kù, Fitch sì ń fi agbára ọ̀tún àti òsì tọ́ ọkọ̀ dé Sioux City. Nínú èèyàn 296, 184 ló yè. Haynes lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti máa káàkiri sọ fún àwọn awakọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ní báyìí, bí wọ́n ṣe ń lo atọ́nisọ́nà. Ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì wákàtí lọ. Kí ọmọ mú èsì ìdánwò rẹ̀ dání, àti ìbéèrè mẹ́ta tó kọ sílẹ̀. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò, kí ó mú logbook rẹ̀. Atọ́nisọ́nà tó mọ ohun tó ń ṣe yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò ara ti ìpele kìíní lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA fọwọ́ sí: ojú, agbára láti mọ àwọ̀ yàtọ̀ síra, etí, ọkàn. Àyẹ̀wò yìí ló yẹ kó ṣáájú owó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn òbí kan ti san mílíọ̀nù kí wọ́n tó mọ̀ pé ojú ọmọ kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ tí ọ̀sán kan ì bá ti yanjú. Fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 40, oṣù 12 ni ìwé àyẹ̀wò náà máa ń lò.

Lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn lórí ìfò kan: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí ni yóò yí padà. Ká ní ọmọ ní ọkọ̀ fò sókè nígbà tí òun ń balẹ̀. "Máa ṣọ́ra" kì í ṣe ìdáhùn. Iye ló yẹ kí wọ́n wá. Cessna 172, ọkọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, máa ń wá balẹ̀ ní nǹkan bí nọ́ọ̀tì 65. Bí ó bá wá ní 75, yóò máa léfòó lórí pápá, kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á tì í sílẹ̀ tipátipá, táyà iwájú á kọ́kọ́ kanlẹ̀, ọkọ̀ á sì ta padà sókè. Ọwọ́ ìbalẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ní àbùkù, ìyára tó gbé wá láti òkè ni.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n jọ kọ ààlà ara ẹni sílẹ̀, kó le ju ti òfin lọ. Bí òfin bá ní ojú gbọ́dọ̀ ríran tó kìlómítà 5, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 8. Bí òfin bá ní epo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù ní ọ̀sán, kí ó kọ wákàtí kan. Ní Ekiti, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú rẹ̀ láti ilé. Kí ará Ikere wo máàpù, kó mọ iye kìlómítà tó wà láti ojú ilé wọn sí òkè Olosunta, kí ó sì máa wò ó láràárọ̀ nígbà ọyẹ́. Ọjọ́ tí òkè náà bá pòórá, yóò mọ̀ pé ojú kò ríran tó iye kìlómítà yẹn.

Kí ni wọ́n ń ṣe bí ọ̀rọ̀ atọ́nisọ́nà bá tako ti olùkọ́? Ìwé ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ fún un ló ga jù, ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ olùkọ́, atọ́nisọ́nà ló kẹ́yìn. Atọ́nisọ́nà tó bá ń sọ pé "Láyé tiwa, a kì í ṣe wàhálà ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó gbéra yẹn" ti ń kọ́ ọmọ ní ọ̀nà àbùjá tó lè pa á. Ẹni tó bá sì ń gba owó pẹ̀lú ìlérí pé òun á bá a wọ ilé-iṣẹ́ bàálù, alágbàtà ni, kì í ṣe atọ́nisọ́nà.

Kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù ló máa ń dára jù, bẹ́ẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ òbí ń wá. Lóòótọ́, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó ti fò wákàtí 10,000 ti rí ohun tí ẹlòmíì kò tíì rí. Àmọ́ ó ti gbàgbé ohun tó le nígbà tí èèyàn wà ní wákàtí 30. Ẹni tó wà ní 300 ṣì rántí. Nítorí náà, ẹni méjì ló dára: ọ̀kan tó fi díẹ̀ ṣáájú, ọ̀kan tó ti jìnnà lọ́nà.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ìpele 4 nínú 6 ni wọ́n ń béèrè fún rédíò. Ọmọ tó dàgbà sínú Yorùbá lè dé ibẹ̀ láìsí ìṣòro bí ó bá ń ṣe é lójoojúmọ́. Kí atọ́nisọ́nà fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: gíga, ìhà tí ọkọ̀ yóò kọjú sí, ìkànnì rédíò. Kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kọ ọ́, kí ó sì kà á padà bí ó ṣe gbọ́ ọ. "Niner" ni wọ́n ń pe mẹ́sàn-án, "tree" ni ẹ̀ta, kí ariwo rédíò má bàa da iye rú.

Fún ẹni tí kò tíì mọ awakọ̀ kankan, ilé-ẹ̀kọ́ wà ní Zaria láti 1964, òmíràn sì wà ní Ilorin, tí èèyàn lè gba Omu-Aran dé láti Ado. Kí ọmọ lọ wò ó, kí ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, kí ó gba nọ́ńbà ẹnì kan tó bá fẹ́ fún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ gùn, kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ohun ńlá. Ó lè rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Ado-Ekiti ni mí. Mo ní kírédíìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò àti Físíìsì, n kò sì tíì ṣe àyẹ̀wò ara. Ìbéèrè kan ni mo ní: mò ń lo awò ojú, ṣé kí n lọ bá dókítà ojú kí n tó lọ bá dókítà NCAA? Bí ẹ bá ní ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá pè yín nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn."

Ẹni tó bá fara balẹ̀ dáhùn ìbéèrè kékeré yẹn, tó tún béèrè iye tí wọ́n kọ sórí ìwé awò ojú náà, ni kí ọmọ náà tún padà pè lóṣù tó tẹ̀ lé e.